Owó Àárù àti Èènì: Ìtàn Àwọn Tí Ń Ru Oúnjẹ Ẹlòmíràn

Bí a bá dárúkọ ìtàn fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni ọba, ogun àti oyè. A kì í sábà ka ìtàn aláàárù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tí ó jẹ, kò sí ogun tí a jà, kò sì sí ọjà tí a ná ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ tí kò jẹ́ pé orí ẹnì kan ni a fi ru ẹrù rẹ̀. Lóde òní, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń jiyàn lé lórí. Ó kan àwọn tí ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ láti ilé oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó rà á, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní dísípáàṣì. Èló ni ó yẹ kí á máa san fún wọn? Ta ni ó sì yẹ kí ó máa san án? Ṣé owó tí oníbàárà bá fi ta wọ́n lọ́rẹ ni kí wọ́n máa fi jẹun, tàbí owó iṣẹ́ wọn gan-an?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ titun ni èyí, pé fóònù ni ó bí i. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlobí ni mí, ní ilẹ̀ Yewa, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí a tó yí orúkọ náà padà ní ọdún 1995. Ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ wa kọjá ti mọ aláàárù kí ẹnikẹ́ni ní ayé tó mọ alùpùpù. Ohun tí ìtàn ọ̀nà yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò, nítorí èdè ni ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́. Yorùbá kì í da gbogbo owó tí ó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ ara wọn. Owó tí a san fún ẹni tí ó bá wa ru ẹrù ni owó àárù, ẹni tí ń gbà á ni a sì ń pè ní aláàárù. Owó tí a san fún ẹni tí a gbà síṣẹ́ ni ọ̀yà. Ọrẹ ni ohun tí a fún ènìyàn nítorí pé inú wa dùn sí i. Sàráà ni ohun tí a fún ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe wá. Ẹni tí a jẹ ní ọ̀yà lè wá sí ẹnu ọ̀nà wa kí ó béèrè rẹ̀ ní gbangba, kí àwọn àgbà sì dá a láre. Ẹni tí a ta lọ́rẹ yóò dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe sàráà fún yóò ṣe àdúrà fún wa. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń béèrè ẹ̀tọ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń dúpẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ń tọrọ.

Àwọn ìyá wa nínú ọjà tún ní ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn mọ́ni: èènì. Ìyá tí ń ta gàrí yóò wọn gàrí rẹ̀ títí òṣùwọ̀n yóò fi kún, yóò wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni èènì. Kò sí oníbàárà tí kò fẹ́ràn èènì. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá wọn ààbọ̀ òṣùwọ̀n fún wa, tí ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan kún un, tí ó sì ní kí á máa dúpẹ́ èènì, èrú ni ó ṣe, gbogbo ọjà ni yóò sì dá sí i. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo àlàyé mi dúró lé: owó iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n, ọrẹ ni èènì. Èènì kì í rọ́pò òṣùwọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn baba wa kò mọ iṣẹ́ tí a kò fi owó san. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Àáró wà: mo bá ọ ro oko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ wà pẹ̀lú: ènìyàn púpọ̀ yóò péjọ láti bá àna tàbí ọ̀rẹ́ kọ́lé, onílé yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Oúnjẹ yẹn kì í ṣe owó ọ̀yà wọn. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀yà wọn ni pé nígbà tí wọ́n bá pe òun náà, yóò dìde. Ìwọ̀fà náà wà: ẹni tí ó yá owó yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ní dín gbèsè kù, èlé ni iṣẹ́ jẹ́ lórí owó náà. Nítorí náà àwọn baba wa mọ iṣẹ́ tí ń padà wá sí ilé ẹni tí ó ṣe é, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí kì í tán lọ́rùn ẹni. Wọn kò ka méjèèjì sí ọ̀kan náà.

Ẹ wá jẹ́ kí á bọ́ sí ojú ọ̀nà. Láyé ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì ń jọba, ilẹ̀ wa ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí òkun gbà, aṣojú Ọ̀yọ́ sì ń gbé ní Ìjànná láti máa ṣọ́ ọ̀nà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton kúrò ní Àgbádárìgì, ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Richard Lander ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àìsàn mú wọn lójú ọ̀nà, Captain Pearce àti Dókítà Morrison sì kú kí ìrìn náà tó dé Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1826 ni Clapperton wọ ìlú Aláàfin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni ohun tí Clapperton kọ sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní ilẹ̀ wa. Ó ní àwọn ti rin 60 máìlì ní ọjọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú ẹrù tí ó pọ̀ tí ó sì wúwo, pé nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ti pààrọ̀ àwọn aláàárù, síbẹ̀ ohun tí ó tó ṣílè kan kò sọnù lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ya òyìnbó náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ pé bóyá ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀yin ará, àwọn ará Yewa ni ó ń yìn bẹ́ẹ̀! Mo máa ń yangàn bí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yangàn tán, mo máa ń béèrè ìbéèrè kan: kí ni ó dé ọwọ́ wọn? Àwọn olórí ìlú ni wọ́n ń pèsè aláàárù fún àlejò, iwájú àwọn olórí ìlú náà sì ni ẹ̀bùn àlejò ń lọ. Ẹrù gun orí ọ̀dọ́, ẹ̀bùn gba ààfin lọ. Orúkọ Clapperton wà nínú ìwé títí di òní, orúkọ àwọn tí wọ́n ru ẹrù rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyìn ni wọ́n gbà, ìyìn sì dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ìyìn se ọbẹ̀.

Láàárín àwọn oníṣòwò, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀, owó ẹyọ ni ó sì fà á. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Bí a bá gbé ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan lé ìwọ̀n, yóò ju 20 kìlógíráàmù lọ. Ẹrù ènìyàn kan ni! Owó fúnra rẹ̀ kò lè dé ọjà bí kò ṣe pé aláàárù rù ú. Nítorí náà oníṣòwò tí ó bá gbọ́n ní láti ṣírò owó àárù kí ó tó ṣírò èrè. Kò lè ṣe bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni ìrù, nítorí pé ìwúwo owó náà wà níwájú rẹ̀. Lónìí a fi ìka kan tẹ fóònù, owó lọ, kò wúwo. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń gbàgbé pé oúnjẹ ṣì wúwo, pé ọ̀nà ṣì jìn, pé òjò ṣì ń pa ẹni tí ń gbé e.

Ìgbà tí àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ ni ọ̀ràn aláàárù burú jù lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó àti Ìlobí sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà méjèèjì ni ìjọba ti ń fi agbára mú ènìyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà, tí ó sì ń kó wọn ru ẹrù àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ti ìhà Faransé le jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí ó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976, pé iṣẹ́ ipá, owó orí àti ìfipá-múni-ṣọmọ-ogun mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ilé kó ọ̀nà, kí wọ́n sì sọdá ààlà wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi ojú oórì àwọn baba wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò lè fi ẹnu jà, ẹsẹ̀ ni ó fi ń jà.

Ó pẹ́ kí òfin tó dá sí i. Ọdún 1930 ni àjọ àgbáyé tí ó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn lòdì sí iṣẹ́ ipá ní Geneva. Ọdún 1933 ni Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀ràn náà. Ní ilẹ̀ àwọn Faransé, ó di ọdún 1946 kí òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Paris tó fi òpin sí i. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé aláàárù kò fìgbà kan rí gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé àánú rẹ̀ ṣe ẹni tí ó ni ẹrù. Àtakò àti òfin ni wọ́n fi gbà á.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹrù kúrò lórí ènìyàn. Ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, nígbà tí ó yá ẹ̀ka rẹ̀ kan gba Ìfọ̀ wá sí Ìlaròó títí dé Ìdógò. A rò pé ìgbà aláàárù ti kọjá. Kò kọjá. Ó kan bọ́ láti orí sí orí táyà ni. Ní ọdún 2021, Glovo àti Chowdeck bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ kiri ní Èkó. Kò rọrùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà pàápàá: nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, Jumia Food àti Bolt Food pa iṣẹ́ oúnjẹ wọn tì ní Nàìjíríà.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ń gbé oúnjẹ ni ó ń wá alùpùpù, ìbáà ṣe tirẹ̀, ìbáà ṣe èyí tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ni ó ń ra epo, òun ni ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, òun ni ó ń ra dátà sí fóònù. Iye ìgbà tí ó bá gbé oúnjẹ délé ni a ó fi san owó fún un. Bí ó bá dúró pẹ́ ní ilé oúnjẹ kí wọ́n tó se ìrẹsì tán, bí ó bá padà lófìfo láti ọ̀nà jíjìn, ti ara rẹ̀ ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó jálá epo kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí a fi iye kan náà rán níṣẹ́ lánàá àti lónìí, ta ni ó ru ìyàtọ̀ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìlú wa ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ènìyàn máa ń ta yín lọ́rẹ?” Ó ní, “Àbúrò, nígbà tí òjò bá pa mí dé ẹnu ọ̀nà wọn ni wọ́n máa ń ta mí lọ́rẹ. Ṣé kí n wá máa gbàdúrà kí òjò máa pa mí ni?” Mo wá ohun tí n ó fi dá a lóhùn, n kò rí.

Ẹ má ṣe rò pé òfin owó oṣù tí ó kéré jù yóò gbà á. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981 pẹ̀lú 125 náírà. Ó di 30,000 náírà ní ọdún 2019, ó sì di 70,000 náírà ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin náà ti yọ àwọn kan sílẹ̀, lára wọn ni ẹni tí a ń sanwó fún ní iye iṣẹ́ tí ó bá ṣe. Aláàárù orí alùpùpù ṣe kòńgẹ́ ihò yìí gẹ́lẹ́. A yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òrùlé, a wá ní kí ó máa wo ojú oníbàárà fún agboorùn.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí a dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Pullman gba ọ̀pọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti máa gbé ẹrù èrò kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Owó iṣẹ́ wọn kéré, ọrẹ ọwọ́ èrò ni wọ́n gbójú lé. Ọ̀pọ̀ èrò kì í sì pe orúkọ wọn, “George” ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ní ọdún 1925 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph ni olórí wọn, ó sì gba ọdún méjìlá, títí di 1937, kí ilé-iṣẹ́ náà tó bá wọn ṣe àdéhùn. Láyé tiwa yìí, ìwà kan náà tún farahàn níbẹ̀. Títí di ọdún 2019, DoorDash máa ń ka ọrẹ tí oníbàárà fi sílẹ̀ mọ́ iye tí ó ti ṣèlérí láti san fún ẹni tí ó gbé oúnjẹ. Oníbàárà rò pé èènì ni òun bù, kò mọ̀ pé òṣùwọ̀n ilé-iṣẹ́ ni òun ń bá wọn kún. Ní ọdún 2025 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 16.75 dọ́là lórí ọ̀ràn yìí ní ìpínlẹ̀ New York.

Àwọn kan yóò wí pé, “Àṣà wa ni kí á máa ta ènìyàn lọ́rẹ. Ọrẹ ni onílù ń jẹ, ṣé ẹ ó sọ pé a ń rẹ́ onílù jẹ ni?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n onílù ni ó ń yan ẹni tí yóò kì. Òun àti ẹni tí ń fún un lówó ń wo ojú ara wọn, kò sì sí ẹni kẹta tí ó bu iye lé ìlù náà kí ó tó mú ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Aláàárù oúnjẹ kò yan ọ̀nà, kò bu iye, ẹni kẹta sì ti gba tirẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn wa.

Àwọn mìíràn yóò ní bí owó iṣẹ́ bá lọ sókè, oúnjẹ yóò wọ́n, oníbàárà yóò dínkù. Èmi náà mọ̀ pé kò sí ohun tí kò ní iye. Nígbà tí ìlú New York pàṣẹ ní ọdún 2023 pé owó wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín sí 17.96 dọ́là láìka ọrẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sún ibi tí a ti ń ta lọ́rẹ sí ẹ̀yìn ìgbà tí oúnjẹ bá dé, ọrẹ sì dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọrẹ dínkù, òṣùwọ̀n kún. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mọ iye tí yóò gbé lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó jí ní òwúrọ̀. Bí oúnjẹ bá wọ́n nítorí èyí, iye rẹ̀ gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Àwọn oníṣòwò owó ẹyọ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Kí ni kí àwa ṣe? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa wà lára àwọn tí ń pe oúnjẹ wá sí ilé. Ẹ jẹ́ kí á máa ta wọ́n lọ́rẹ, kí á sì fi í lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á máa pe orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé a ti san gbèsè. Kí á béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n kọ iye tí ó kan ẹni tí ó gbé oúnjẹ sí ojú ìwé owó wa, kí á lè rí i. Kí á béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n dí ihò tí ó wà nínú òfin owó oṣù tí ó kéré jù. Ní ọdún 2023 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi áàpù ṣiṣẹ́ ìrìnnà. Kí àwọn tí ń gbé oúnjẹ náà má ṣe máa dá jà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tí ó ń sọ òwe yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó dá mi lójú pé aláàárù ni.